Ṣé o mọ̀? Ọmọ méjì tí ìdánwò ọpọlọ fojú fò

Ọmọkùnrin méjì wà tí wọ́n dán ọpọlọ wọn wò ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní máàkì wọn kò tó ti ọmọ olórí pípé. Àwọn méjèèjì dàgbà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì.

Lewis Terman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n torí rẹ̀ dán wọn wò ní 1921. Ó ṣa àwọn ọmọ olórí pípé tó lé ní 1,500 jọ, kí wọ́n lè máa tọpa wọn títí di ọjọ́ alẹ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn, William Shockley àti Luis Alvarez, kò sí nínú wọn. Shockley gba Nobel ní 1956, Alvarez gba tirẹ̀ ní 1968. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ṣà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà á.

Nítorí náà, bí ọmọ rẹ ọlọ́dún mẹ́rin bá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára dánfó, tí ìbéèrè rẹ̀ kò tán lẹ́nu, yọ̀ fún un. Dá a lóhùn, ra ìwé fún un, má sì jẹ́ kí máàkì ọjọ́ kan ṣoṣo sọ bí orí rẹ̀ ṣe pé tó.

Ní ti Shockley, iṣẹ́ lórí transistor, ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ, ló gba Nobel fún un: ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà àìmọye rẹ̀ ló wà nínú fóònù ọwọ́ rẹ.