Àpótí Tí Ń Gbé Ohùn



Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ rédíò wọ ilé àwọn ará Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, àpótí kan ni àwọn ènìyàn rí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń ra gbohùngbohùn nìkan, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kan àpótí rẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àpótí náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí jẹ́ ìdajì ohùn; ẹni tí ó bá kàn án láìfarabalẹ̀ ti fi owó ra ohun tí kò ní gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo gbohùngbohùn fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ bébà líle tí a ṣe bí àrọ. Wáyà tí a wé ká wà ní ìdí bébà náà, láàrín irin òòfà. Bí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nínú wáyà yìí, bẹ́ẹ̀ ni bébà ń sún síwájú tí ó sì ń sún sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá sún síwájú, afẹ́fẹ́ iwájú a fún pọ̀, ti ẹ̀yìn a sì dẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí kò bá sí ohun tí ó là wọ́n, afẹ́fẹ́ tí ó fún a sáré yí etí bébà lọ sí ibi tí ó dẹ̀, ohùn iwájú àti ti ẹ̀yìn a sì pa ara wọn rẹ́. Ohùn òkè kò jìyà púpọ̀, nítorí ìgbì rẹ̀ kúrú; ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tí ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 22. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọnù. Àpótí ni ògiri tí a fi là wọ́n.

Ìwọ̀n àpótí ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú rẹ̀ ń ṣe bí sípíríǹgì lẹ́yìn bébà. Bí àyè bá kéré jù, sípíríǹgì náà a le, ohùn ìsàlẹ̀ a sì dínkù. Ní ọdún 1932, Albert Thuras gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún àpótí tí ó ní ihò tí a wọ̀n, kí ohùn ẹ̀yìn lè jáde láti ran ti iwájú lọ́wọ́. Ní ọdún 1954, Edgar Villchur, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá mú ìdè bébà rọ̀ gidigidi, àpótí kékeré tí a sé pinpin lè mú ohùn ìsàlẹ̀ dáradára wá. Ihò Thuras ń fẹ́ ìṣirò. Nítorí náà àpótí tí a sé ni kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó ka ìwé tí ó bá gbohùngbohùn wá, kí ó mọ iye àyè tí ó ń fẹ́. Kí gígùn, ìbú àti jíjìn inú àpótí má ṣe dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn kan náà ni gbogbo ògiri yóò jùmọ̀ máa gbé ga ju ìyókù lọ.

Nísinsìnyí, kíyèsi ìyàtọ̀ yìí: igi ìlù ń bá awọ fọhùn, ṣùgbọ́n igi àpótí gbohùngbohùn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń lo pákó tí ó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, tí a sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú inú rẹ̀, kí ògiri má baà gbọ̀n. Kí igi náà gbẹ dáadáa. Pákó tútù tí a kàn ní ìgbà òjò yóò sún kì nígbà ọyẹ́. Oríkèé yóò là, afẹ́fẹ́ yóò máa jò, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì lọ. Fi gúlúù kún gbogbo oríkèé, kí o sì fi síkúrù dè é. Kó irun àgùntàn tàbí òwú díẹ̀ sínú rẹ̀ láti mu ohùn ẹ̀yìn.

Dídán ni ó kàn, kí a tó fi gbohùngbohùn sí àyè rẹ̀. Nítorí eruku igi lè wọ àárín òòfà, fánííṣì sì lè ba bébà jẹ́. Fi sánpépà ẹlẹ́nu líle bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi èyí tí ó kúnná parí, kí o máa tẹ̀lé ojú igi nígbà gbogbo. Fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi lè dìde. Nígbà tí ó bá gbẹ, tún un rà. Fánííṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sàn ju ọ̀kan tí ó ki lọ. Jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ tán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, de gbohùngbohùn mọ́ ọn, kí o sì dán an wò báyìí. Fi ìka rọra ti bébà wọlé, kí o fi í sílẹ̀. Bí ó bá padà díẹ̀díẹ̀, àpótí rẹ dì. Bí ó bá fò padà lójijì, afẹ́fẹ́ ń jò. Wá ibẹ̀ rí kí o dí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà fánííṣì dá yín lójú kí ẹ tó ṣe ìdánwò yìí. Ojú ni dídán wà fún, ṣùgbọ́n etí ni a kan àpótí fún.