Iwájú Ọjà, Ẹ̀yìn Ọjà

Adìyẹ tó sanra ni wọ́n yà sí iwájú ọ̀pọ̀ páálí magí. Ẹ yí i padà kí ẹ ka àwọn èròjà rẹ̀: iyọ̀ ló sábà máa ń ṣáájú, adìyẹ wà nísàlẹ̀, bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò purọ́. Òfin NAFDAC, àti ìlànà Codex tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, ní kí wọ́n to èròjà láti orí èyí tó wúwo jù. Iwájú ni ọlọ́jà ti ń polówó, ẹ̀yìn ni òfin ti ń là á lẹ́nu.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kò sì tán lẹ́yìn náà. Ká ní ṣúgà ló pọ̀ jù nínú bisikíìtì kan, òun ló yẹ kó ṣáájú. Bí wọ́n bá pín adùn yẹn sí ṣúgà, glucose syrup àti fructose, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fúyẹ́, ìyẹ̀fun á sì bọ́ síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tún burú. Wọ́n lè kọ ọ́ pé 10g ṣúgà ló wà nínú 100ml, ojú á sì fò ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu 100ml nínú oòrùn ọ̀sán? Ìgò 50cl ni à ń dà sọ́fun: 50g ṣúgà nìyẹn, ó tó ṣíbí ìmutíì méjìlá.

Ní ti mílíìkì, bí ẹ bá rí “filled milk” lára sáṣẹ́ẹ̀tì (lẹ́tà rẹ̀ kì í tóbi), ó túmọ̀ sí pé òróró, ti ọ̀pẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá inú wàrà. Kì í ṣe májèlé, àmọ́ àwòrán màlúù kò ní sọ ọ́ fún yín. Òróró tó ń yangàn pé òun kò ní cholesterol ńkọ́? Ara ẹran, ẹyin àti wàrà ni ìyẹn ti ń wá. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, òróró ẹ̀pà kò ní in tó ohun tí à ń sọ.

Nọ́ńbà NAFDAC náà ní ibi tó mọ. Ó ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an wò, ayédèrú sì lè tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì sára tirẹ̀.