Àjọ ojoojúmọ́: Bí owó kékeré ṣe ń gbé oníṣòwò ga

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọjà bá tà lónìí, kó tó di ọjọ́ kẹta, owó iléèwé ọmọ, owó oúnjẹ àti ìnáwó ẹbí a ti gbé e lọ. Nígbà tí ọdún bá fi máa parí, ojú kan náà ni ṣọ́ọ̀bù wà. Kì í ṣe pé ọjà kò tà. Kò sí ohun kan pàtó tí wọ́n ń yọ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ ni.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Alphaeus Táíwò Olunaike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́ kó tó lọ sí Kamẹrúùnù, nígbà tó sì padà dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjọ l'Ékòó lọ́dún 1954. Òun ni wọ́n ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ní orí èèyàn pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò, tó fi ra kẹ̀kẹ́. Létí ẹlòmíì, ìwà òmùgọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ń wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò kò lè wọ̀, iṣẹ́ àjọ sì gba kéèyàn dé ọ̀dọ̀ oníbàárà lójoojúmọ́. Bàbá náà kú lọ́dún 2012, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò parẹ́.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí

Káàdì àjọ máa ń ní ojú 31. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́ yóò ní ₦15,500 lóṣù tó bá pé ọjọ́ 31. Alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan fún làálàá rẹ̀, yóò ku ₦15,000. Lọ́dún kan, ₦176,500 ni yóò wọlé fún ẹni náà. Bí wọ́n bá ní kó mú irú owó yẹn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè sá lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni iye tí wọ́n ń mú. Ọjọ́ tí ọjà kò tà ló yẹ kéèyàn fi díwọ̀n agbára rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Ojú káàdì mẹ́ta tó bá ṣófo tẹ̀ léra ló máa ń bí "ó di oṣù tó ń bọ̀."

Kì í ṣe owó nìkan

Ọ̀nà kan náà ṣeé lò fún ìmọ̀. Télọ̀ tó bá ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́ àrà tuntun lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, yóò ti lo ju wákàtí 150 lọ kí ọdún tó yí po. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá ń kọ iye tó tà àti iye tó ná sínú ìwé kó tó tilẹ̀kùn, kò ní í pẹ́ mọ ọjà tó ń jèrè àti èyí tó kàn ń gba àyè. Òun náà lè ní káàdì tó ń sàmì sí.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀

Àjọ kì í mú èlé wá. Ẹni tó ń dá a ló ń sanwó. Nígbà tí nǹkan bá ń wọ́n sí i, owó tó bá pẹ́ nílẹ̀ kò ní í ra iye ọjà tó yẹ kó rà mọ́. Ó sàn kéèyàn gbà á lóṣooṣù, kó sọ ọ́ di ọjà.

Àwọn alájọ kan sì ti gbé owó olówó sá lọ rí. Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ adójútòfò owó báńkì, NDIC, sún iye tó ń dáàbò bò fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní báńkì microfinance kúrò ní ₦200,000 sí mílíọ̀nù méjì náírà. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣòwò mọ ilé alájọ rẹ̀, kó bi àwọn tó ti bá a dá a rí léèrè, kó sì rí i pé wọ́n sàmì sí káàdì lójú òun. Bí owó bá ti ń pọ̀, báńkì ló yẹ kó gbé e lọ.

Ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ kò ní láti dúró de oṣù tuntun. Iye tí ọjà òní bá gbé ni kó fi bẹ̀rẹ̀.