Àjò àti Ìparun: Wíwo Ẹyẹ Arìnrìn-àjò ní Ẹ́sítéètì Gowon

Ìfáárà

Bí ẹyẹ kan kò bá sí ní ìlú mọ́, ohun méjì ni ó lè fà á: ó lè jẹ́ pé ó rìnrìn-àjò, ó sì lè jẹ́ pé ó ti parun. Lójú ẹni tí kì í kíyè sí ẹyẹ, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí wíwo ẹyẹ fún ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ẹyẹ ń wọ ìhà gúúsù, ṣe lè la ìyàtọ̀ yìí yé ènìyàn. Ibi tí ó dá lé ni Ẹ́sítéètì Gowon ní Alímọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n fi sọ orí Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà láti 1966 sí 1975. Ilé ni ó yí i ká: ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ń gbé Alímọ̀ṣọ́ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, ẹyẹ kò yéé yà síbẹ̀.

Oríṣi Àjò Méjì

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ka ẹyẹ sí arìnrìn-àjò. Wọ́n ní, ‘Àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.’ Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá.

Àjò kìn-ín-ní kò kọjá ilẹ̀ Áfíríkà. Lékeléke àti àwòdì ni wọ́n ń rin ín. Nígbà òjò, púpọ̀ nínú wọn wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn lápá àríwá. Bí òjò bá ti ń tán níbẹ̀, tí koríko ń gbẹ, tí kòkòrò sì ń dín kù, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí wá sí gúúsù. Bí òjò ọdún kejì bá sì ti fìdí múlẹ̀, wọn a padà. Ìdí tí wọ́n fi ń wá kò dọ́gba. Àwòdì a máa kọ́ ìtẹ́, a sì máa pamọ ní gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ti lékeléke, àríwá ni púpọ̀ nínú wọn ti ń yé ẹyin. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá kiri ní gúúsù. J. H. Elgood, tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú C. H. Fry àti R. J. Dowsett, ṣe àlàyé irú àjò yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1973.

Àjò kejì ti òkè òkun wá. Bí òtútù bá ti ń mú ní Yúróòpù, àwọn ẹyẹ mìíràn a gba orí Òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Áfíríkà. Nínú ìwé R. E. Moreau tí ó jáde ní 1972, ó fojú bù ú pé wọ́n tó bílíọ̀nù 5. Ìṣirò mìíràn tí ó jáde ní 2009 fi wọ́n sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìyókù ti kú, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò yàtọ̀ síra.

Ọjọ́ Kan ní Oṣù Kẹwàá

Ní ìdájí, lékeléke a ṣí kúrò lórí igi tí wọ́n sùn sí, wọn a tò lọ síbi oúnjẹ. Ibi tí màlúù wà ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé bí màlúù bá ti ń rìn nínú koríko ni tata ń fò jáde. Odò ẹran Oko-Ọba ní Agége kò sì jìnnà. Létí gọ́tà àti omi adágún, ẹyẹ kékeré kan lè wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí kì í yéé mi ìdí. Àlejò láti Yúróòpù ni.

Ní ọ̀sán, nígbà tí òrùn bá ti mú páànù gbóná, àwòdì a tẹ́ apá sórí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gòkè, a máa yípo láìju apá. Ìyá tí ń sin adìẹ kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ pé ó ti dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ a máa ṣọdẹ kòkòrò lókè ilé. Èyí tí ń fi ẹrẹ̀ kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ òrùlé tàbí afárá, ti ilé ni. Èyí tí ó ti Yúróòpù wá, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, tí ọ̀já dúdú sì wà láyà rẹ̀, kì í kọ́ ìtẹ́ níbí rárá. Nígbà náà ni lékeléke ń padà, tí àwọn ọmọdé a máa na ìka sí wọn láti tọrọ èékánná funfun. Àkókò yìí ni ó dára jù láti ka iye wọn: ibì kan náà, wákàtí kan náà, kí a sì kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n igún ṣọ̀wọ́n fún ẹni tí ó bá dúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà kan, igún kì í wọ́n nínú ọjà àti lódò ẹran. Kì í ṣe arìnrìn-àjò bíi lékeléke tí ènìyàn yóò fi máa retí ìpadàbọ̀ rẹ̀. Májèlé, pípa á tà, àti gígé igi tí ó ń sùn sí wà lára ohun tí ó dín in kù. Ní 2015, àjọ IUCN fi í sí ìsọ̀rí àwọn ẹ̀dá tí ìparun ti súnmọ́ jù.

Àgbálọgbábọ̀

Bí lékeléke kò bá tètè dé ní ọdún kan, ó lè jẹ́ pé òjò pẹ́ kí ó tó tán ní àríwá. Bí iye wọn bá ń dín kù ní ọdún márùn-ún léra wọn, ọ̀ràn mìíràn ni. Àkọsílẹ̀ nìkan ni ó lè fi èyí hàn kí ó tó pẹ́ jù. Ó sì ṣe pàtàkì ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ilé ti ń gba àyè àbàtà àti koríko, tí igi ńlá sì ń dín kù. Yorùbá ní, ‘Àjò kì í dùn kí onílé má relé.’ Ẹyẹ Yúróòpù wọ̀ sí ibí ni. Ṣùgbọ́n àwòdì tí ń pamọ lórí igi àdúgbò, onílé ni. Ẹni tí ó bá gé igi náà nígbà òjò, tí àwòdì wà ní àríwá, ilé ẹni tí ó lọ sí àjò ni ó wó.