Oúnjẹ Àgbà Kì í Ṣe Ògì Nìkan

Nígbà tí ìyá mi darúgbó, tí eyín wọn ti kán tán, ògì ni à ń fún wọn láàárọ̀. Lọ́sàn-án, àmàlà pẹ̀lú ewédú lásán. Lálẹ́, ẹ̀kọ. A ní ẹran le, ẹja sì ní egungun. A rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

Kò pẹ́, aṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù wọ́n. Kí wọ́n tó dìde lórí àpótí, àfi kí wọ́n di ògiri mú. A ní, "Ọjọ́ orí ni." Ní ọjọ́ kan wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Wọn kò rìn láìlo ọ̀pá mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ìlera nílé ìwé, n kò mọ ti inú ilé mi.

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni pé ọjọ́ orí a máa dín agbára kù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹran ara tó wà ní itan àti apá wa ni ó ń gbé wa dìde, òun ni ó ń gbé wa rìn. Bí ènìyàn bá ti kọjá 60 ọdún, ẹran ara yìí a máa yára dín kù. Oúnjẹ amáradàgbà ni ó ń tún un ṣe: ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà. Ògì àti àmàlà ń fún wa lágbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n amáradàgbà inú wọn kò tó. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ tún ògiri mọ, tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, tí kò ní amọ̀.

Àwọn kan rò pé ọmọdé nìkan ni ó nílò oúnjẹ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní kí àgbà máa jẹ amáradàgbà tó gíráàmù 1, ó kéré tán, lójúmọ́, fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Ẹni tó bá wọn kílò 50, gíráàmù 50 ni tirẹ̀. Ẹyin kan kò ní ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ rí i pé ẹyin kan ṣoṣo kò tó.

Kí ni kí á ṣe?

1. Bí eyín kò bá sí, mọ́ínmọ́ín ń bẹ, gbẹ̀gìrì ń bẹ. Ẹ yọ egungun ẹja. Ẹ gún ẹran kí ó kúnná.
2. Ẹ pín in sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.
3. Ẹ máa fún wọn lómi. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà.
4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Oúnjẹ nìkan kò tó bí ènìyàn bá jókòó sójú kan.
5. Bí àgbà bá ń rù láìnídìí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá ní àrùn kíndìnrín, ẹ bi dókítà kí ẹ tó fi kún oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ jẹ́ kí á rí i pé wàrà wà nínú ọmú náà.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ oúnjẹ amáradàgbà?
2. Kí ni àgbà ilé yín jẹ lánàá?