Bẹ́líìtì Ọkọ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Rìmóòtù: Ọ̀rọ̀ Kan Gbogbo Wa Tí Ń Ná Ọjà

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì mọ́tò. Ó kàn wá gan-an ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yáwó láti fi ra mọ́tò, àwọn onídùúró ló ń fọwọ́ sí ìwé fún un. Bí olè bá gbé mọ́tò náà lọ, tàbí tí ẹni tó ń wà á bá gba ojú títì lọ sí ọ̀run, gbèsè kò bá a lọ. Ọrùn onídùúró ló ń bọ́ sí, ó sì lè jẹ́ ìyá tí ń ta dòdò, tí kò wa mọ́tò rí láyé rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a fi ojú ewé ti oṣù yìí sọ ọ́.

Láyé àtijọ́, ọjà Apòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn débẹ̀. Lónìí mọ́tò ni. Títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, láti Aṣéjìrè wá sí Ìkirè títí dé Gbọ̀ngán, ẹni tó bá sì fẹ́ kó ọjà lọ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn náà ni yóò gbà.

Àwọn tó dàgbà nínú wa kò ní gbàgbé ohun tí ojú ọ̀nà yìí fi ojú ènìyàn rí láàárín ọdún 1970 sí 1980. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ń kú sójú rẹ̀ léraléra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà náà, kò lè máa wò ó níran. Òun ló wà nídìí bí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwa náà wà nígbà náà, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀ṣọ́ náà ká ní ọdún 1983. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Róòdù Séfítì, Ṣóyínká kan náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ò rí i pé òkú tó ń sùn lójú ọ̀nà tiwa yìí wà lára ohun tó bí Róòdù Séfítì fún gbogbo Nàìjíríà.

Ó wá ń yà wá lẹ́nu pé àwa gan-an la ń bá wọn ṣeré bojúbojú. Ẹ lọ dúró sí ẹ̀bá títì ní Ìkirè láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ máa wo àwọn awakọ̀. Bẹ́líìtì á máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ Róòdù Séfítì lókèèrè, wọ́n á fi ọwọ́ kan fà á kọjá láyà, wọn kò ní kì í bọnú, wọ́n á kàn dì í mú. Bí wọ́n bá kọjá tán, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Wọ́n ti tan Róòdù Séfítì jẹ, ṣé wọn á lè tan tírélà jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Mọ́tò tó bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ó bá kọlu nǹkan, mọ́tò á dúró, ṣùgbọ́n ara ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ọkọ̀ ti dúró. Eré yẹn náà ni yóò bá lọ títí tí nǹkan yóò fi dá a dúró: ìdarí mọ́tò, gíláàsì, tàbí orí ẹni tó jókòó níwájú. Iṣẹ́ bẹ́líìtì ni pé kí ó dá ara dúró díẹ̀díẹ̀, kí ó sì pín agbára náà sórí egungun tó le, ìyẹn egungun ìbàdí, ti àyà àti ti èjìká.

Ọmọ Súwídìn kan tí ń jẹ́ Nils Bohlin ló ṣe irú èyí tí à ń lò lónìí, tó gba èjìká kọjá tó sì tún gba ìbàdí, ní ilé iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959. Kí ó tó dé Volvo, ìjókòó tó ń ta awakọ̀ òfuurufú jáde kúrò nínú bàálù tó fẹ́ já ló ń ṣe. Volvo kò fi ọgbọ́n náà há ọwọ́, wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò yòókù máa lò ó. Àwa tí à ń ṣòwò mọ̀ pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀! Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà fi dídè é ṣe òfin ní ọdún 1970, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn fún ìjókòó iwájú ní ọdún 1983. Òfin ìrìnnà tiwa náà pa á láṣẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú kù títí dé ìdajì fún ẹni tó jókòó síwájú.

Ṣùgbọ́n dídè yàtọ̀ sí dídè. Ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ sùn lé egungun ìbàdí, kì í ṣe orí ikùn, nítorí ikùn kò ní egungun tí yóò gbà á. Aláboyún náà gbọ́dọ̀ dè é, kí ó fi ti ìsàlẹ̀ sábẹ́ oyún, kí ti òkè gba àárín ọyàn kọjá sí ẹ̀gbẹ́ oyún. Ẹ má ṣe gbà á sábẹ́ apá nítorí pé ó ń há yín lọ́rùn. Ẹni tó wọ agbádá kí ó gbé e sókè, kí bẹ́líìtì lè súnmọ́ ara. Ẹ má sì tẹ ìjókòó sẹ́yìn bí ibùsùn, torí ẹni tó bá sùn gbalaja lè yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì lọ.

Ìyá kan nínú wa sọ fún ọmọ tó ń wà á lọ sí Ìbàdàn pé, "Ọmọ mi, fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Bí mọ́tò bá jó ńkọ́, ṣé kó dè mí mọ́bẹ̀ ni?" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Bí mọ́tò bá jó, ẹni tó bá wà lójúfò ló lè sáré jáde. Bẹ́líìtì yìí ni kò ní jẹ́ kí ẹ forí gbá nǹkan dákú. Ibi pupa yìí náà ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Ìyá tẹ̀ ẹ́, ó já. Ó tún un dè fúnra rẹ̀. Ìdáhùn ọmọ yẹn dára ju ìwàásù lọ. Àwọn mìíràn á ní Ìkirè sí Apòmù kò jìnnà, ká má yọ ara wa lẹ́nu. Àní ibi tí kò jìnnà yẹn ni à ń lọ lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló dùn wá jù. À ń gbé ọmọ sórí itan níwájú mọ́tò, a sì ń fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ìyá àti ọmọ pọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, gbogbo ìwúwo ìyá ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ọmọ wà, lórí ìjókòó ọmọdé bí agbára bá gbé e. A mọ̀ pé ìjókòó náà wọ́n, ṣùgbọ́n a ti rí tókunbọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì sàn ju itan lọ. Tókunbọ̀ náà, ẹ má ra èyí tó ti wà nínú ìjàǹbá.

Ẹrù náà ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25 tó kún wúwo tó kìlógíráàmù 22, kò sì sí bẹ́líìtì lára rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ mọ ẹni tí yóò fò lù. Inú búùtù ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ ìjókòó rẹ̀ tí wọ́n fi pákó rọ́pò, ọ̀rọ̀ ẹnu wa kò tó láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè dúró de èyí tó ní bẹ́líìtì, kí ó dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ra tókunbọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan jáde díẹ̀díẹ̀, yóò tẹ̀ lé yín. Ẹ wá fà á lójijì, ó gbọ́dọ̀ gán. Bí kò bá gán, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bẹ́líìtì tó ti gba ènìyàn dúró nínú ìjàǹbá rí, pípààrọ̀ ni. Àwọn kan máa ń ki irin kékeré bọ ibi tí à ń ki bẹ́líìtì sí, kí mọ́tò má baà máa ké pípí. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Ẹ tún wo iná kékeré tí wọ́n kọ SRS tàbí tí wọ́n ya bálúù sí lójú dáṣíbọọ̀dù. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí ó tàn, kí ó sì kú láìpẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé bálúù náà ti bẹ́ rí ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n wá yọ iná rẹ̀ kí oníbàárà má baà mọ̀. Bálúù kò sì rọ́pò bẹ́líìtì. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wú, ẹni tí kò de bẹ́líìtì a sì ti fò lọ pàdé rẹ̀. Kí awakọ̀ fi bí íǹṣì mẹ́wàá sáàárín àyà rẹ̀ àti ìdarí. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí bálúù ti Takata, ilé iṣẹ́ Jàpáánì kan. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, tí yóò fi bẹ́ bí ìbọn, tí irin rẹ̀ á fọ́n sí ojú àti ọrùn ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú bálúù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀, Honda àti Toyota sì wà lára ọkọ̀ tó ní in. Ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n wa níhìn-ín, irú ọkọ̀ wọ̀nyẹn sì pọ̀ lójú títì wa. Nọ́ńbà oníwọ́n 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ni ẹ ó fi béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá tiyín wà nínú rẹ̀. Ẹ bẹ àwọn ọmọ yín kí wọ́n bá yín wò ó, wọn kò ní pẹ́ rí i.

Ó ku ti kọ́kọ́rọ́. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí à ń tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àti èyí tó kàn wà nínú àpò, tí mọ́tò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nítòsí, tí a ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí ó ṣí, tí a ó sì fi ìka tẹ bọ́tìnnì kí ó sítáàtì.

Nínú ọjà, olè lè lo ẹ̀rọ kan tí kì í jẹ́ kí mọ́tò gbọ́ ohùn rìmóòtù. Ẹ̀yin á tẹ̀ ẹ́, ẹ ó yí padà, ilẹ̀kùn kò tì. Nítorí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà bí ẹ ti ń lọ. Ẹ dúró, kí iná ṣẹ́jú, kí ẹ gbọ́ "gbà", kí ẹ sì fa ọwọ́ ilẹ̀kùn wò. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti inú àpò, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn kí ó jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó fà á, torí bí ó bá wà lára yín, yóò ṣí fún yín, ẹ ó sì rò pé kò tì.

Lálẹ́, àwọn olè méjì lè gbé ẹ̀rọ dání, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, kí wọ́n fi gbé ohùn kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ilé dé ibi mọ́tò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Jámánì, ADAC, dán an wò ní ọdún 2016, ọkọ̀ 24 ló sì ṣí. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Agolo bísíkíìtì onírin tó ní ìdérí lè dí ohùn náà. Ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ dé e, ẹ gbé agolo náà lọ síbi mọ́tò. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí, agolo yẹn ṣeé lò.

Mọ́tò alábọ́tìnnì kì í pariwo. Ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀ ra ẹran, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó sídìí ìdarí lè wà á lọ. Mọ́tò á ké, ṣùgbọ́n kò ní kú. Bí ó bá sì jẹ́ inú gáréèjì tó so mọ́ ilé ni ẹ gbàgbé rẹ̀ sí, èéfín tí kò ní òórùn a máa pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kú, kí ẹ sì wo dáṣíbọọ̀dù kí ẹ tó jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń ra ọkọ̀, ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Bí ẹyọ kan bá ni wọ́n gbé fún yín, ẹnìkan lè mú èkejì dání níbòmíràn. Oníṣẹ́ iná mọ́tò tó ní ẹ̀rọ lè pa àwọn kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́ nínú ọkọ̀, kí tiyín nìkan máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ ó kọ sínú fọ́ọ̀mù ìyáwó.

Bí bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ bá kú, ẹ má fọ́ gíláàsì. Irin kọ́kọ́rọ́ kékeré wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fà á yọ, òun ni ẹ ó fi ṣí ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ náà kan bọ́tìnnì tí ẹ sì tẹ bíréèkì, yóò sítáàtì. Kọ́kọ́rọ́ kejì, ẹ má so ó mọ́ èkíní lórí okùn kan o. Ilé ni kí ó wà.