Ojú Ìsopọ̀ Irin àti Tánganran Ló Ń Pinnu Bí Ẹ̀rọ Wa Yóò Ṣe Pẹ́ Tó

Ní Titirou, bó ṣe rí ní àwọn àdúgbò Parakou yòókù, alùpùpù zémidjan ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́jà àti síbi iṣẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo, ohun kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló ń ṣáná sí epo náà: pulọ́ọ̀gì, tàbí bùjí lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì Benin. Apá funfun ara rẹ̀ jẹ́ tánganran. Irin tí a ń yí wọ ẹ́ńjìnnì ló yí i ká nísàlẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Iná tó lè ju 10,000 fóltì lọ ń gba inú irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, tánganran ni kò sì jẹ́ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tí epo tó ń jó nísàlẹ̀ ń gbóná kọjá dígírì 2,000. Iṣẹ́ tó le báyìí kò ṣeé fi líle irin tàbí líle tánganran nìkan ṣe. Ojú ibi tí a ti so méjèèjì pọ̀ ló ń pinnu bí ẹ̀rọ yóò ṣe pẹ́ tó, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí àwa tí ń rà á, tí ń tún un ṣe, máa kọ́kọ́ wò.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ooru ń ṣe sí irin yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe sí tánganran. Bí a bá fi dígírì 500 kún ooru ọ̀pá irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 0.6 gùn sí i. Ọ̀pá alumina, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe tánganran pulọ́ọ̀gì, kò ní fi ju bíi 0.4 lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, àmọ́ tánganran kì í nà, kì í sì í tẹ̀; bí irin bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sán. Wàhálà kejì ni pé irin yíyọ́ kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ńṣe ni yóò kó ara rẹ̀ jọ bí omi lórí ewé kókò. Ẹni tó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò mú wọn lẹ̀, kó sì wá àyè fún wíwú tí kò dọ́gba yẹn.

Lára pulọ́ọ̀gì, ọgbọ́n méjì ni wọ́n ń dá sí i. Láàárín tánganran àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú bàbà, kí afẹ́fẹ́ má ríbi gbà jáde, kí iná sì rọ́nà kọjá. Láàárín tánganran àti irin òde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ki lẹ́búlẹ́bú òkúta talc sí i, wọ́n á wá tẹ etí irin náà bò ó mọ́lẹ̀. Irin á wú, lẹ́búlẹ́bú á gbà á mọ́ra, tánganran kò ní fọ́. Níbi tí èyí kò bá tó, wọ́n ń fi irin mìíràn jó wọn pọ̀. Titanium díẹ̀ nínú àdàpọ̀ fàdákà àti bàbà á bá ọ́síjìn inú tánganran mulẹ̀, kí àdàpọ̀ náà lè lẹ̀ típẹ́típẹ́. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, wúrà ni wọ́n fi ń jó alumina mọ́ titanium. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wú bákan náà, ìdí nìyẹn tí omi ara kì í fi í ráyè wọ inú ẹ̀rọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ṣe inú ẹ̀rọ nìkan ni ìṣòro yìí wà; ẹ gbójú sókè wo àwọn òpó iná ńlá. Àwọn awo tánganran tí wáyà so rọ̀ sí ní fìlà irin lókè, wọ́n ní ọ̀pá irin nísàlẹ̀, sìmẹ́ńtì ló sì dì wọ́n mú. Kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì yẹn, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kun irin díẹ̀, kó lè ríbi mí sí. Bí ọ̀rinrin bá wọ sìmẹ́ńtì, tó ń wú lọ́dọọdún, tánganran tó dára á là lójijì. Òun fúnra rẹ̀ kò lábùkù. Ojú ìsopọ̀ ló pa á.

Ẹnìkan lè sọ pé alùpùpù oníbátìrì ti dé, pé pulọ́ọ̀gì ti fẹ́ kógbá sílé. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Spiro báyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alùpùpù oníbátìrì ní Benin àti Togo ní 2022. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ń darí iná àwọn ọkọ̀ bátìrì ńlá àti ti ọkọ̀ ojú irin, pẹlẹbẹ bàbà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ tánganran. Ọ́síjìn díẹ̀ ń mú kí ojú bàbà yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 1,065, ṣáájú 1,085 tí bàbà fúnra rẹ̀ ń yọ́. Bó bá ń gbóná, tó ń tutù léraléra, ojú yẹn náà ló sábà máa ń ya. Epo lè lọ, ìṣòro yìí kò bá a lọ.

Àwọn mìíràn á ní òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí, kí ló wá kan Parakou? Ó kàn án gan-an, nítorí ibí ni nǹkan náà ti ń bàjẹ́. Pulọ́ọ̀gì tó já bọ́ lè sán láìhàn sójú; iná á máa gba ibẹ̀ jò, ẹ́ńjìnnì á máa já, epo á sì máa ṣòfò. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí kpayo, epo tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, sì ti wọ́n, òfò yẹn kò kéré mọ́. Bákan náà, ẹni tó bá fún pulọ́ọ̀gì jù pẹ̀lú sípánà lè tú ibi tí irin ti di tánganran mú. Bí a bá sì fẹ́ ṣe tiwa, ọ̀nà wà. Láti bíi 1980 sókè ni àwọn alurin àti amọ̀kòkò Kenya ti ń ṣe ààrò eléèédú oní-irin tí amọ̀ sísun wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti òkúta fúlẹ́fúlẹ́ vermiculite so pọ̀. Ààrò Gyapa ti Ghana gba ọ̀nà kan náà. Amọ̀kòkò kò wọ́n ní Borgou, ẹkùn tí Parakou wà, alurin náà kò wọ́n níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni pé kí wọ́n fi ìmọ̀ ojú ìsopọ̀ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Kí àjọ ANM tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Benin máa yẹ pulọ́ọ̀gì wò lọ́jà kí ayédèrú má bàa gbòde. Kí ìwọ tí ń rà á náà yẹ tánganran rẹ̀ wò kí o tó sanwó. Èyí tó bá sì ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, má fi sí ẹ́ńjìnnì mọ́.